Àlọ́ Sátidé Tí Kò Ní Ìdáhùn

Ní gbogbo Sátidé, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ní Àbújá bá ń múra òde, Ruqoyyah a jókòó ti ìwé ìròyìn, a mú pẹ́ńsùlù, a sì bá àwọn àpótí kéékèèké dúdú àti funfun wọ̀yá ìjà. Kírọ́sìwọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó rọrùn o. Àlọ́ pọ́nńbélé ni. Wọ́n á kọ gbólóhùn kan tó jọ ọ̀rọ̀ lásán. Apá kan rẹ̀ ni ìtumọ̀, apá kejì ni yóò sọ bí a ó ṣe to lẹ́tà ìdáhùn, ẹni tó ṣe é á sì fọgbọ́n bo ibi tó ti pín. Ẹni tó bá já a á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá já a, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun rẹ̀.

Báńkì kan ní Maitama ni Ruqoyyah ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n fún láàárín àwọn tó ń já àlọ́ yìí ni àríwísí tó máa ń kọ sórí Wáàsáàpù wọn: èyí tó dùn, èyí tó rọ, ibi tí ọ̀gá tó ṣe é ti rẹ́ wọn jẹ. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ ni pé bàbá tó bí i lọ́mọ ni ọ̀gá ọ̀hún. Ìwé ìròyìn náà kì í kọ orúkọ sí i, Bàbá Àtàndá sì ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tipẹ́.

"Àbẹ̀kẹ́, má sọ fún ẹnì kankan. Bó bá sì burú, kọ ọ́ pé ó burú. N ò bímọ kó lè máa pọ́n mi."

Tísà Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sì ń dá gbé ní Kabusa, ní Àbújá kan náà, láti ìgbà tí ìyá Ruqoyyah ti kú. Òfin kan ló ní: kì í sọ ìdáhùn. Láti kékeré, bí Ruqoyyah bá sunkún, bó bẹ̀bẹ̀, ohun kan náà ni bàbá rẹ̀ máa ń wí: "Padà lọ ronú."

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni àlọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọ̀kan kọ́kọ́ wà nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí, ó di mẹ́ta, nígbà tó yá ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹ wá wo àwọn ọlọ́gbọ́n wa. Ẹni tó ti mọ́ lára pé kí wọ́n máa tan òun jẹ, báwo ló ṣe máa mọ ìgbà tí nǹkan bàjẹ́? Kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti sọ pé èyí ò nítumọ̀, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní òpè? Kenny, ẹlẹ́nu dídùn tó wà láàárín àwọn ará Wáàsáàpù náà, ní ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Ìdáhùn jáde lọ́sẹ̀ kejì, kò bá ìbéèrè mu rárá, síbẹ̀ wọ́n wá àlàyé gígùn gbọọrọ fún un. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ruqoyyah alára kọ ọ́ pé ọ̀gá ti gun òkè tí àwọn ò tíì dé. Ọmọ tó ń bá bàbá jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ló kọ bẹ́ẹ̀!

Ó kúkú bi bàbá rẹ̀ léèrè. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó ní, "Padà lọ ronú." Ruqoyyah padà lọ, ó sì ronú títí orí fi ń fọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ó mú ìwé ìròyìn dé Kabusa, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ já a lónìí."

Bàbá Àtàndá fi gíláàsì sójú, ó wò ó fínnífínní. "Ta ló ṣe èyí?"

Ruqoyyah rò pé eré ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó gba pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Tíì tó wà níwájú rẹ̀ tutù. Wọ́n pe ìrun Alásáárì ní mọ́sáláṣí ìtòsí, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá òun kò gbọ́. Ó pẹ́ kó tó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, kò sí ìdáhùn níbí. Kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹni tó ṣe èyí, nǹkan ń ṣe é."

Gbogbo àlọ́ tí Ruqoyyah ti yìn láti ọjọ́ yìí wá ń padà síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú tì í, ó sì dùn ún wọ eegun. Kenny lè má mọ̀. Àwọn tó kù lè má mọ̀. Òun ńkọ́?

"Kí ni kí n kọ nípa rẹ̀, Bàbá? Gbogbo wa là ń yìn ín."

"Kọ ọ́ bó ṣe rí. Ní kó lọ sinmi. Àwọn tó ń yìn ín yìí, wọn ò ṣe é lóore." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. "Ṣùgbọ́n rọra kọ ọ́ o. Ẹni tó ṣe é ti mọ̀ ọ́n ṣe rí, mo rí i nínú bó ṣe to àwọn àpótí yẹn. Ṣé ó lẹ́ni?"

Ruqoyyah rọra ká ìwé ìròyìn náà. "Ó ní ọmọbìnrin kan, Bàbá."

"Ṣé ọmọ náà mọ̀?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni."

Bàbá Àtàndá mi orí, àánú onítọ̀hún ṣe é gan-an. "Ó mà ṣe o. Bá mi sọ fún un kó má bá bàbá rẹ̀ jà. Bí bàbá náà bá sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Ruqoyyah ní òun á sọ fún un. Ó dìde, ó lọ bu omi àlùwàlá wá fún bàbá rẹ̀.