Ògiri Tí A Fi Ń Wo Ọmọ Wa

Ọkọ mi ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Bẹẹrẹ kí n tó di ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ò yí po tí a fi sin ín. Káséètì fídíò kan ló kù tí a ti lè rí i kó máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀: ti ọjọ́ wòlímọ̀ rẹ̀, nígbà tó parí Kùránì ní kékeré, tí gbogbo agbo ilé kóra jọ síwájú ìta wa.

Lórí tẹlifíṣọ̀n wa, ojú ọmọ náà ò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọkọ mi á sún mọ́ ọn, á máa wò ó, á ní ọmọ òun ò kéré tó báyìí. Ìdí nìyẹn tó fi lọ ra pírójẹ́kítọ̀ àlòkù ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ tà. Kì í ṣe irú tòde òní tí èèyàn lè kì bọ báàgì. Àwọn géńdé ló rù ú gba ọ̀nà tóóró tó wọ agbo ilé wa. Ojú gíláàsì ńlá mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: ọ̀kan ń tan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan búlúù. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwòrán mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà ń jù sára ògiri, àfi kí èèyàn rọra máa sún wọn títí wọ́n á fi gun ara wọn gẹ́lẹ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ẹnì kan á di mẹ́ta.

Ó kun ògiri pálọ̀ ní funfun, a fi aṣọ dí fèrèsé. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó fi páálí bo ojú pupa àti búlúù, ó kọ́kọ́ tún ti àwọ̀ ewé ṣe. Ẹ̀rọ náà ta ìlà sára ògiri bí àwọ̀n. Ó fà wọ́n títí wọ́n fi gún, tí wọ́n mọ́ kedere. Ó wá ṣí pupa. Ibi tí ìlà pupa bá ti gun àwọ̀ ewé, yẹ́lò ló ń dà. Ó tẹ bọ́tìnnì títí, ó nara, ó ní ó ti parí.

Mo wo ògiri. Láàárín, ó rí bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n lápá òsì, ìlà pupa jìnnà sí ìlà àwọ̀ ewé tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Apá òsì ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kí ló ṣe é?"

Mo dìde, mo gbé ọwọ́ lé ibẹ̀. Kò rí ọwọ́ mi, àfi ìgbà tó yí orí síbẹ̀ pátápátá.

Ní ilé ìwòsàn ojú, dókítà ní gúlákómà ni, ó ti ń jẹ ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sáàárín. Ó ní èyí tó ti lọ ò lè padà mọ́. Oògùn kàn lè bá wa dá ìyókù dúró fúngbà díẹ̀ ni. Mo sunkún nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀. Òun ò sunkún. Nígbà tí a dé Bẹẹrẹ, ó ní, "Jẹ́ ká yára parí ẹ̀rọ yẹn."

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń wo ògiri, òun ló ń tẹ bọ́tìnnì. Mo lè ní kó sún un sókè díẹ̀, á fìbínú bi mí pé díẹ̀ báwo. Ìgbà mìíràn, a ò tíì dé ibì kan tí wọ́n á fi mú iná lọ. Búlúù ló fìyà jẹ wá jù, torí ó ṣókùnkùn lójú èmi tí ojú mi dá pàápàá. Nígbà tó yá, gbogbo ìlà di funfun láti etí dé etí.

A fi káséètì sí i. Ọmọ mi jáde sára ògiri nínú aṣọ funfun, ó gbé wàláà tó fi ń kéwú dání, ó ga tó bó ṣe ga gan-an lọ́jọ́ náà. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ mi dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fimú kàn án. Ẹyinjú ọmọ náà kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ rí. Kó tó wá ẹnu rẹ̀ rí, ọmọ náà ti rìn kọjá.

"Ibo ló lọ?"

Mo di èjìká rẹ̀ mú, mo yí i síbẹ̀.

"Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń wá yín láàárín èrò."

"Ṣé ó rí mi?"

"Ó ti rí yín. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí."

Ó gbé ọwọ́ lé ara ògiri, àwòrán náà sì ń kọjá lórí ọwọ́ rẹ̀.

Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, ojú ọkọ mi ti ṣú pátápátá. Ó ṣì ń ní kí n fi káséètì náà sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, "Pa ẹ̀rọ yẹn. Ariwo fáànù rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi."

Mo pa á, mo jẹ́ kí káséètì máa yí lọ, ohùn nìkan ló kù. Ó ti mọ gbogbo Kùránì tí ọmọ náà kà níbẹ̀ sórí. Ó ń kà á pẹ̀lú ọmọ náà, ní ohùn jẹ́jẹ́. Níbi tí ọmọ ti ṣì í kà lọ́jọ́ náà, òun náà dákẹ́, ó ń dúró kí áfáà tó ń kọ́ ọ nígbà náà bá a tún un ṣe.