Ilé Mi Tó Sin Àlejò Dé Challenge

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ni onílé mi ní Agbowó kan ilẹ̀kùn láti sọ fún mi pé ọmọkùnrin àwọn fẹ́ gbéyàwó, pé yàrá mi ni tọkọtìyàwó máa lò, kí n kó jáde kí oṣù tó parí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tún kí wọn kú oríire. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn: tí ẹ̀rù bá ti bà mí, ìwà ọmọlúàbí mi á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo ti jáde ní yunifásítì nígbà náà, n kò tíì ríṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní ni bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún mi. Ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n fi ń kó kiri tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú ọgbà mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá débi tí koríko ti bo táyà rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e. Mo pinnu pé inú bọ́ọ̀sì ni n ó máa gbé. Kí n tó rò ó já, mo ti pe ìyá mi ní Ṣakí, mo ní mo ti ní ilé tèmi. Irọ́ kọ́. Mi ò kàn sọ pé ilé náà ní táyà ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àdúrà kan ṣoṣo ni ìyá mi ń gbà lórí mi: kí àwọn kí “ẹ kú ilé” lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ àwọn kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìyá mi kì í sì í kí ìkíni yẹn síbi tí kì í ṣe ilé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Oorun dá lójú mi.

Èmi àti mẹkáníìkì yọ gbogbo àga ẹ̀yìn. Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo ta kọ́tìnì sójú fèrèsé, mo gbé sítóòfù sí kọ̀rọ̀, mo sì fi ìwé-ẹ̀rí mi kọ́ sára ọkọ̀ níbi tí ojú kò ti lè fò ó. Ìta ọkọ̀ ni káfíńtà kan ti wọn ìbú ibùsùn mi. Nígbà tó kàn án tán, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó dúró, ó wo ọkọ̀ náà bíi pé ọkọ̀ ló jẹ̀bi, ó sì la ibùsùn náà sí méjì. Bí ibùsùn mi ṣe di àga gígùn méjì tó kọjú síra nìyẹn. Mẹkáníìkì ní tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé a kò ní yọ àga awakọ̀.

“Ọkọ̀ tí kò ní àga awakọ̀, òkú ni,” ó ní. “Mi ò kì í tọ́jú òkú nínú ọgbà mi.”

Ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé náà, ó wa ọkọ̀ náà jáde sí etí títì, kí ìyá mi má baà tẹ ọ́ìlì inú ọgbà. Mo ń to ìrọ̀rí lọ́wọ́ nígbà tí bàbá télọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ yọrí sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bèèrè bóyá Challenge ni ọkọ̀ náà ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Kì í ṣe pé mo gọ̀. Àgbàlagbà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé mi tòun ti ẹrù lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ jókòó, sà.” Wọ́n jókòó. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí wọn, wọ́n wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di mẹ́fà lórí ibùsùn mi. Mo bu omi fún wọn.

“Ọkọ̀ yìí ní kọ́tìnì o,” obìnrin kan wí. “Wọ́n ń fún wa lómi mu pẹ̀lú.”

Ibẹ̀ ni ìyá mi bá wa, pẹ̀lú abọ́ wàrà láti Ṣakí. Wọ́n wo ìrọ̀rí, wọ́n wo ìwé-ẹ̀rí mi, wọ́n wo ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sí etí títì, mi ò sì fẹ́ dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi bọ́ bàtà wọn.

“Ẹ kú ilé o.”

Ẹ mọ̀ pé Yorùbá kì í gbọ́ ìyẹn kó dákẹ́. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ẹ káàbọ̀, mà.” Bàbá télọ̀ wá sún díẹ̀. “Màmá, ẹ bọ́ síbí. Ó ku ẹnì kan kí ọkọ̀ kún.”

Ìyá mi yíjú sí mi. “Ta ni wọ́n?”

“Àlejò ni, mà.”

“Níbo ni wọ́n ń lọ?”

“Challenge, mà.”

Ìyá mi wọlé, wọ́n jókòó. Wọ́n wá ṣí abọ́, wọ́n pín wàrà kárí, wọ́n sì pe mẹkáníìkì tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀ pé kó wá jókòó sí àga awakọ̀, nítorí àlejò kì í jẹun tán kí onílé má sìn ín sọ́nà. Bí ilé mi ṣe sin àlejò dé Challenge nìyẹn, tí ìkòkò mi ń yí kiri lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Nígbà tí bàbá télọ̀ na owó ọkọ̀ sí ìyá mi, ìyá mi dá a padà, wọ́n ní kí bàbá náà kí ará ilé wọn.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, ìyá mi fọwọ́ pa kọ́tìnì. “Ilé rẹ dára,” wọ́n ní. “Kò kàn fẹ́ràn àtijókòó ni.”

Ọdún méjì ni mo gbé inú rẹ̀. Nísinsìnyí mò ń kọ́ ọmọ níwèé ní Bódìjà, mo sì ti gba yàrá àti pálọ̀. Ìyá mi wá wò ó. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró dè wọ́n, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Wọn kò kí ilé. Ilé onílé ni, wọ́n ní. Bọ́ọ̀sì náà ni wọ́n ṣì ń bèèrè lórí fóònù: “Ilé ńkọ́?”

Ẹnì kan ti fẹ́ rà á báyìí, kó fi máa kó èrò lọ sí Ṣàngó. Mẹkáníìkì ń retí èsì mi ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n tà á? Tí ẹ bá sì ní kí n tà á, ta ni yóò bá mi sọ fún ìyá mi?