Gìtá Tí Kò Dúró De Onílù

Ọdún kẹta rèé tí mo kọ́kọ́ pàdé Ọlọ́rundáre, olùkọ́ jọ́gíráfì ní Ọ̀kà Àkókó. Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn kíláàsì, ó ń ta gìtá tí kò lo iná. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbá okùn gìtá náà, tòsì sì ń pa á lẹ́nu mọ́ lójú ẹsẹ̀: ṣá, ṣá, ṣá, bí ẹni ń rẹ́ ilá. Mo bi í pé irú orin wo nìyẹn. Ó ní orin àwọn Jípísì, ẹ̀yà alárìnkiri kan nílẹ̀ Faransé, ni, orí fóònù lòun ti kọ́ ọ, kò sì nílò onílù.

Òun àti Lucy, tó ń ta fáyólínì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ń wá ibi tí wọn yóò ti máa ṣeré. Lọ́dún tó kọjá, Àlájà Muhsinah, tó ní ilé oúnjẹ kan ní Ìkàrẹ́, fún wọn ní ọ̀sán Sátidé kan péré láti fi dán wọn wò. Bí àwọn oníbàárà bá gbádùn rẹ̀, wọn yóò máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọn kò bá gbádùn rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Mo bá wọn lọ. Wọ́n ta orin kìíní tán, kò sẹ́ni tó gbórí sókè nídìí iyán. Wọ́n ta èkejì. Bàbá kan tó wá láti Ògbàgì bá pè wọ́n.

"Tíṣà, ẹ ti ń tún gìtá yìí ṣe láti ìgbà tí mo ti jókòó. Onílù yín dà?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni!

Àlájà wo aago. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n pe Suleiman. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, ó sì ní ìlù."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu." Ọlọ́rundáre kọjú sí bàbá náà. "Bàbá, ẹ bá mi máa fẹsẹ̀ kilẹ̀ bí ọwọ́ mi bá ṣe ń lọ. Ẹ má ṣì í o."

"Èmi ni n ó ṣì í? Èmi ọmọ Ògbàgì?"

Ọlọ́rundáre tún bẹ̀rẹ̀ sí ta gìtá, bàbá sì ń fi bàtà kilẹ̀ tẹ̀ lé e. Lucy dara pọ̀ mọ́ wọn. Fáyólínì rẹ̀ ń sáré bí ọ̀kadà tó ń gun òkè Ọ̀kà, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọsẹ̀, ó sì tún balẹ̀ gẹ́lẹ́ síbi tó yẹ.

"Ọmọbìnrin yìí ń fi gìtá ṣe yẹ̀yẹ́!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Kí orin náà tó parí, ẹsẹ̀ ti ń dún lábẹ́ gbogbo tábìlì.

Àlájà fi aṣọ nu ọwọ́. "Tíṣà, aago méjì ni kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ má pẹ́."

Ọlọ́rundáre ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Ọ̀kà. Ní ọjọ́ Sátidé, láti aago méjì títí di mẹ́rin, òun àti Lucy máa ń wà ní Ìkàrẹ́, nílé oúnjẹ Àlájà Muhsinah.