Táwẹ́ẹ̀lì Tó Lókìkí Ju Ẹni Tó Ni Ín Lọ

Títí dòní, bí òórùn tàdáwà àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú bá ti kan mí nímú, eéwo ni mo máa ń rántí. Kì í ṣe eéwo tèmi o. Eéwo olórin kan ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ló wà, ó pupa, ó ń dán, ó sì tóbi débi pé ẹni tó bá ń bá olórin náà sọ̀rọ̀ kì í mọ èyí tí ì bá wò nínú àwọn méjèèjì. Nígbà náà, mo yá ìsọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà kan àti àga méjì ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa ṣètò pósítà, káàdì ìgbéyàwó àti bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike omi. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo gba orúkọ náà bí oyè, mo sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé láwàní fún.

Yàrá kan ní Ladi-Lak, ní Bàrígà, ni olórin yìí ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ló ti kọ́ orin, kó tó di ẹni tó ń kọrin níbi ìkómọ àti ìṣílé káàkiri Bàrígà. Ohùn rẹ̀ dùn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé ìṣe búrẹ́dì kan nílé, bàbá náà sì ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún un: òun àti ìyá rẹ̀ á wá wo eré kan péré ní Èkó, bí àwọn ò bá sì rí i pé àwọn ará Èkó mọ ọmọ àwọn, kó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó bá àwọn padà lọ po ìyẹ̀fun. Olórin yìí kórìíra ìyẹ̀fun. Ó ní bí òun bá ti wọ ibi tí wọ́n ti ń pò ó, òun á máa sín títí ohùn òun á fi há. Ojú ẹni tó ń sá fún ẹ̀wọ̀n ló gbé wá sí ìsọ̀ mi, pé kí n bá òun ṣe pósítà eré náà.

Ọwọ́ ẹni tí kò yẹ ló sì bọ́ sí. Lásìkò yẹn, mo ti ń wo fídíò lórí fóònù nípa bí wọ́n ṣe ń sọ olórin di ìlúmọ̀ọ́ká, ọ̀rọ̀ kan sì ti wọ̀ mí lára níbẹ̀: ìrísí kan ṣoṣo níbi gbogbo. Ohun tó bá wà lára pósítà ni kó wà lára sítíkà, òun ni kó wà lórí fóònù, òun náà ni kó wà lára abẹ̀bẹ̀ tí a máa pín fáwọn èèyàn. Mo ṣàlàyé fún olórin náà títí tó fi ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń wàásù fún.

Ọjọ́ tí a fẹ́ ya fọ́tò gan-an ni eéwo yọ. Onífọ́tò ti dé láti Palmgrove pẹ̀lú iná àti agboòrùn rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé sì ti ní bí iṣẹ́ wa ò bá wọlé lọ́jọ́ náà, àwọn á gbé ẹ̀rọ fún àwọn oníkàlẹ́ńdà, ó sì di ọdún tuntun. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú lásìkò kàlẹ́ńdà á mọ̀ pé wọn kì í fi ìyẹn ṣeré. A fi páńkéèkì bo eéwo, ńṣe ló túbọ̀ ń dán. A yí ojú olórin sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní ọrùn ń dun òun. Ibi tí mo ti ń wá nǹkan tí màá fi ṣe é ni ojú mi ti lọ sára táwẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ìyeyè tí mo fi ń nu eruku orí kọ̀ǹpútà. Mo gbọ̀n ọ́n, mo dà á bo olórin lórí, mo sì fà á wá síwájú títí ojú rẹ̀ fi wọ òkùnkùn, tó fi ku àgbọ̀n nìkan. Onífọ́tò ya á. Gbogbo wa wo fọ́tò náà. Ó rí bí ẹni tó mọ nǹkan kan tí àwa ò mọ̀.

Olórin ní, "Àǹtí, ojú mi dà?"

Mo ní, "Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ẹ, kó wá síbi eré."

Kò pẹ́ rárá tí táwẹ́ẹ̀lì fi gba ìgboro. Ó wà lára ògiri láti Pedro títí dé Bàrígà, ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó wà lára ike omi tútù. Àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í da táwẹ́ẹ̀lì ìyeyè borí lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀. Eéwo ti lọ ní tirẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jọ̀lọ̀, olórin sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun ṣí ojú nínú fídíò kan péré, ìyá òun fẹ́ rí òun. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ìrísí á dàrú. Ó gbà fún mi, nítorí mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti gba ìwé ẹ̀rí níbì kan.

Ọjọ́ eré pé. Olórin lọ pàdé àwọn òbí rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó gé irun, ó wọ kóòtù tí ìyá rẹ̀ rà fún un, ó sì fi táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ lọ́wọ́ mi nínú gbọ̀ngàn tí eré ti máa wáyé, pé ó di ìgbà tí òun bá fẹ́ gorí ìtàgé. Ó fẹ́ kí ìyá òun kọ́kọ́ rí ojú òun dáadáa. Bàbá gbé búrẹ́dì dání, ìyá so gèlè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

"Èmi ni mo fẹ́ kọrin."

Ọkùnrin náà wo pósítà tó ga ju èèyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún wo olórin. "Ẹni tó fẹ́ kọrin nìyẹn. Ẹ no vex, ẹ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní Pedro dé pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì ìyeyè lórí. Aṣọ́nà dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ṣílẹ̀kùn, wọ́n mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn ìtàgé, wọ́n sì já ọtí mọ́ọ̀tì fún un. Onítáyà náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí olórin rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin rẹ̀. Àwọn èrò tó wà lórí ìlà pàtẹ́wọ́ fún un.

Obìnrin kan ní, "Ẹ̀yin náà ń gbìyànjú o. Ṣùgbọ́n ohùn tiẹ̀ kì í ṣe báyẹn."

Bàbá rọra gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́ ní Èkó nìyí?"

Inú gbọ̀ngàn ni mo wà tí mo ti rí onítáyà tó ń mu mọ́ọ̀tì. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, mo sáré jáde. Mo bá olórin tó dúró láàárín àwọn òbí rẹ̀, omi ti gbà á lójú. Mo da táwẹ́ẹ̀lì bò ó lórí. Ariwo tó sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ ní Palmgrove. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń fà á lọ síbí, wọ́n ń fà á lọ sọ́hùn-ún, obìnrin tó ní ohùn rẹ̀ kọ́ nìyẹn sì ń sunkún ayọ̀. Bàbá wo èrò náà títí, ó ní ó dáa, kí ọmọ òun dúró sí Èkó. Ìyẹ̀fun pàdánù òṣìṣẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìyá ò tẹ̀ lé èrò wọlé. Iwájú pósítà ló lọ dúró sí, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo abẹ́ táwẹ́ẹ̀lì. Ó wá yíjú sí mi.

"Aṣọ yìí ni wọ́n mọ̀. Wọn ò mọ ọmọ mi."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí wọra.

Olórin náà ṣì ń kọrin, táwẹ́ẹ̀lì ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, mo ya fọ́tò rẹ̀ láìfi nǹkan kan borí, ó ń rẹ́rìn-ín, àpá eéwo rọra hàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, mo fi férémù sí i, mo sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, mo sì yà sí ilé ìṣe búrẹ́dì náà. Fọ́tò náà wà lára ògiri, lókè ibi tí wọ́n ń to búrẹ́dì sí. Ìyá ti kan táwẹ́ẹ̀lì ìyeyè mọ́ orí férémù, ó sì pín in sọ́tùn-ún sósì kó má bàa bo ojú. Ó ní kí òun tó kàn án síbẹ̀, gbogbo oníbàárà ló ń bi òun pé ta nìyí, ó ti sú òun.

Mo gbójú sókè wò ó. Pẹ̀lú gbogbo oyè Àǹtí Kọ̀ǹpútà tí mo jẹ, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé a lè fa táwẹ́ẹ̀lì náà sẹ́yìn díẹ̀.

Ìyá bá mi wò ó. Ó ní, "Báyìí, àwọn náà mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n." Ó wá fi etí ìró nu ìyẹ̀fun kúrò lójú ọmọ rẹ̀.