Ohun Tí Mo Rí Lára Ẹ́ńjìnnì Bàbá

Màmá ti wọ kóòtù. Wọ́n ti gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n ti fi ìborùn bo orí, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo òpópónà Harpurhey ní Manchester nínú òjò wíníwíní. Kò sí omi níwájú ilé yẹn ju èyí tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Síbẹ̀, Màmá yíjú sí Bàbá, ọkọ wọn fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, wọ́n sì fi ohùn tí èèyàn fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣé bóòtù ti dé?"

"Kò ní pẹ́ dé mọ́," ni Bàbá fèsì. Epo ẹ́ńjìnnì ti bo ọwọ́ wọn títí dé ìgúnpá. "Wá jókòó ná. Tó bá ti ń bọ̀, wàá gbọ́ ọ."

Màmá jókòó, kóòtù lára, báàgì lórí itan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn ní ọdún tí mò ń sọ yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín ilé wa àti tiwọn. Màámi ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó kiri ilé wọn, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè fi mí sọ́dọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Mi ò mọ orúkọ àwọn méjèèjì nígbà yẹn. Bàbá àti Màmá ni gbogbo ọmọ Yorùbá àdúgbò ń pè wọ́n, ta ni èmi tí màá máa wádìí orúkọ àgbà?

Etí ọ̀sà ni wọ́n ti wá, ní apá Ẹ̀pẹ́. Nígbà èwe wọn, bóòtù èrò ni Bàbá ń wà. Màmá ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní òdìkejì omi, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì ń dúró ní èbúté kí wọ́n lè bá bóòtù Bàbá padà sílé. Bóòtù pọ̀ lórí ọ̀sà nígbà yẹn, àmọ́ Màmá mọ ìró ti Bàbá láàárín gbogbo wọn. Bàbá ní kí òun tó yọ rárá ni obìnrin yìí á ti gbé báàgì rẹ̀ nílẹ̀. Èyí nìkan ló ṣẹ́ kù sí Màmá lọ́kàn. Àìsàn ìgbàgbé ti kó ìyókù lọ: Manchester, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, àti ojú ọkọ wọn gan-an.

Òyìnbó kan ní ọkọ̀ ojú omi tóóró kan tó ti ń jẹrà létí kánáàlì, odò tí èèyàn fọwọ́ gbẹ́. Ó ti sú u, ó ní kí Bàbá máa mú un lọ. Àwọn bọ̀rọ̀dá ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló bá wọn tú ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, tí wọ́n fi mọ́tò akẹ́rù gbé e wá sílé, tí wọ́n sì gbé e ka orí pákó ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kékeré ni, oní-písítìnnì méjì, irú èyí tí Bàbá fi ń wa bóòtù lórí ọ̀sà. Ó ti dípẹtà, aláǹtakùn sì ti kọ́lé sínú ẹ̀. Bàbá rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó.

"Bí mo bá lè gbé ìyá yìí sórí omi lẹ́ẹ̀kan péré," ni wọ́n wí fún mi, "tó sì gbọ́ ìró yẹn, á mọ̀ pé èmi ni."

Àkókò kò sì sí. Ọmọbìnrin wọn, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Fallowfield, wá lọ́jọ́ kan, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó sọ ọ́. "Daddy, wọ́n ti rí place fún Mummy ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Broughton. Social worker ní end of August ni wọ́n máa wọlé. Ẹ̀yin nìkan ò lè ṣe é mọ́, ẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níbi tẹ́ ẹ ti ń gbé wọn."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí. Wọ́n jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbọ́ tí òòlù bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, òórùn dísẹ̀lì ni mo fi ń jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì. Bàbá tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì ìdáná, wọ́n to irin sí i láti ibi kan dé ibi kejì. Èmi ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ èyí tó kéré nínú abọ́ dísẹ̀lì, títí omi dúdú á fi yọ kúrò lára wọn tí wọ́n á máa dán. "Rọra," ni Bàbá máa ń wí, "ẹ́ńjìnnì àtijọ́, bí ìyá ọkọ ni. Tóo bá fi ipá mú un, á fojú ẹ rí nǹkan." Tí nọ́ọ̀tì bá bọ́ sínú ihò tí ọwọ́ wọn ò gbà, wọ́n á wò mí: "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fún mi." Inú mi máa ń dùn. Ní ilé ìwé, kò sí ẹni tó nílò mi tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọ́ mi ní orúkọ irin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà tí wọ́n tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Písítìnnì kọ̀ọ̀kan, irin tó ń lọ sókè sísàlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ló ní rọ́ọ̀dù tirẹ̀, rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdérí tó fi ń di ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ mú. Ìdérí méjèèjì jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò gbọdọ̀ gbé ti ìkínní fún ìkejì. "Ibi kan náà ni wọ́n ti gé òun àti rọ́ọ̀dù rẹ̀," ni Bàbá wí. "Tóo bá pààrọ̀ wọn, wọ́n á fún ọ̀pá yẹn lọ́rùn pa." Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kín-ín-kín-ín bí ẹyin iná orí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Bàbá fẹ́ to ẹ́ńjìnnì padà, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àgbà ìjọ kan ń ka Bíbélì, ó fo ẹsẹ kan. Mo nawọ́ sókè. "Excuse me sir, ẹ ti fo verse nine." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àgbà náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Màámi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú mi kúnlẹ̀ níwájú àgbà ìjọ náà lẹ́yìn ìsìn, orí kápẹ́ẹ̀tì líle yẹn, kí n tọrọ àforíjì. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fa etí mi. "Nítorí pé o mọ ìwé, ìwọ lo máa wá kọ́ àgbàlagbà? Ṣé manners tí wọ́n ń kọ́ yín ní school nìyẹn? Tí àgbà bá ń ṣe nǹkan, 'ẹ kú iṣẹ́' lọmọ gidi máa ń sọ."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Bàbá de àwọn rọ́ọ̀dù. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, epo sì ti ba awò ojú wọn jẹ́, wọ́n bọ́ ọ sí ojú fèrèsé. "Ọwọ́ la fi ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, a kì í fi ojú ṣe é," ni wọ́n ń wí. Wọ́n nawọ́ sínú àwo, wọ́n mú ìdérí kan, wọ́n sì gbé e sí rọ́ọ̀dù kìíní. Mo rí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kedere. Ìkejì ni.

"Bàbá," ni mo wí.

"Hẹ́ẹ̀n, ọmọ mi?"

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń dúró dè mí. Eékún mi ṣì ń ro mí láti ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"O ṣé, ọmọ dáadáa," ni Bàbá wí, wọ́n sì fi sípánà dì í le dan-in.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ yí ọ̀pá ńlá náà wò, ó le. Bàbá ní torí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó ni, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Màmá lọ sí Broughton nígbà tí Bàbá fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì wò ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ki rọ́bà tó ń fa omi sí ẹ́ńjìnnì bọ inú korobá omi kó lè máa tutù, wọ́n so bátìrì mọ́ ọn. Mo di Màmá lọ́wọ́ mú jáde, a gbé àga fún wọn lẹ́bàá ògiri. Bàbá ti wẹ̀, wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Wọ́n tẹ iná sí i. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó tu èéfín, lẹ́yìn náà ló mú: dùgù, dùgù, dùgù. Àwo tó wà nínú ilé ìdáná ń gbọ̀n.

Màmá dìde. Ojú wọn là, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́, ó là bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n wo Bàbá, wọ́n sì pè wọ́n ní orúkọ kan tí mi ò gbọ́ rí, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n kí wọ́n tó bímọ. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Wọ́n na ọwọ́ kí Bàbá fà wọ́n wọnú bóòtù. Bàbá, tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi mọ ẹ́ńjìnnì, ò gbọ́ pé ìró rẹ̀ ti ń yí padà. Ojú Màmá ni wọ́n ń wò. Ìka wọn ò tíì kan ara wọn tí ẹ́ńjìnnì náà fi kọlu ara rẹ̀, gbà, gbà, tí èéfín dúdú fi bo ẹ̀yìnkùlé, tó sì kú pátápátá.

Màmá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ wọn nínà. "Ó ti lọ," ni wọ́n wí. "Kò dúró dè mí." Wọ́n wọlé, wọ́n bọ́ kóòtù fúnra wọn, wọ́n sì fi kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá ò béèrè bóòtù mọ́.

Nígbà tí Bàbá tú ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n pè mí. Wọ́n ti wọ awò wọn. Ìdérí náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Nọ́ńbà wo nìyí?"

"Ìkejì, sà."

"Ara ìkínní ni mo ti tú u. Ṣé o rí i lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹkún ti gbé mi. "Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ọmọdé kì í kọ́ àgbà, sà."

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo yín ni."

Bàbá jókòó sórí korobá. Kẹ́tùlù hó nínú ilé, ó sì pa ara rẹ̀, wọn ò dìde. "Òótọ́ ni," ni wọ́n wí. "Èmi náà wà lára wọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹnu lásán la fi ń sọ ọ́." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ tí kò ní epo nu ojú mi. Wọn ò bá mi wí, ká ní wọ́n bá mi wí ni, bóyá ì bá sàn.

Màmá lọ sí Broughton ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Bàbá tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Ó di ìgbà òtútù kí irin tí wọ́n ń wá tó dé. Ní gbogbo nọ́ọ̀tì, Bàbá á dúró, sípánà lọ́wọ́, wọ́n á béèrè pé, "Ṣé ó tọ́?" Wọn kì í dì í àfi tí mo bá dáhùn. Ó sì ṣiṣẹ́. Ìró rẹ̀ mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, a sì gbé e lọ bá Màmá ní ọ̀sán Sunday kan. Bàbá fi í sí etí Màmá. Màmá fetí sí i díẹ̀, wọ́n sì fa ojú ro.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa ariwo yẹn."

Bàbá pa á. "Ẹ má bínú, Mà," ni wọ́n wí. Mi ò gbọ́ kí wọ́n bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ báyẹn rí, bí àjèjì sí àjèjì. Màmá kú kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Ẹ́ńjìnnì náà kò padà sórí omi mọ́, ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Bàbá náà sì lọ.

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní mo yájú, pé mo máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Wọn ò mọ̀ pé àyà mi máa ń já ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣe é, pé ojú Màmá lọ́jọ́ yẹn ló ń tì mí láti ẹ̀yìn. Ní oṣù tó kọjá, ìyá ọkọ mi, tó máa ń wá kí wa lọ́dọọdún láti Abẹ́òkúta, ń júwe ọ̀nà ọjà fún àlejò kan. Ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, dìde láti ibi tó ti ń ṣeré. "No, Grandma, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn." Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ń dúró kí n bá a wí. Mo ní kó kúnlẹ̀ kí Grandma ná, kó wá sọ ohun tó mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́, ó ń fọwọ́ yà á sínú afẹ́fẹ́, ọ̀tún, òsì, ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń yí. Ohun tó sọ kò tilẹ̀ tọ́, ìyá ọkọ mi ló mọ ọ̀nà. Mo jókòó, mo gbọ́ ọ títí tó fi parí, omi sì ń dà lójú mi, kò sì sẹ́nì kankan nínú wọn tó mọ ìdí rẹ̀.