Ọ̀sán Tí Ọmọ Mi Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Kẹ̀kẹ́

Lọ́dún tí ọmọbìnrin mi jáde girama, tó ń retí kí yunifásítì gbà á wọlé, ara mi kì í balẹ̀ rárá. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Èmi àti ọmọ la jọ wà nínú agbo ilé ọkọ mi ní Ẹdẹ, èmi pẹ̀lú gàrí tí mò ń tà, òun pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Bí mo bá wà nílé, màá máa wò ó. Bí mo bá wà ní ìsọ̀, màá máa ronú ohun tó ń ṣe. Nígbà mìíràn màá fi ọjà síkàáwọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá sáré wálé láìní ìdí kan, màá sì bá a níbi tí mo fi í sí.

Kátúùnù ló máa ń wò. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ kéékèèké ń wò o, ti àwọn ará Japáànù ni, wọ́n ń pè é ní ánímè. Èdè wọn kò yé òun náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ló ń kà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó tì í kí n lè mọ ohun tó ń wọ orí ọmọ mi. Mò ń ṣa ẹ̀wà, òun ń túmọ̀.

Ọmọkùnrin kan ni olórí eré náà, kò tíì hu irùngbọ̀n. Atẹ́gùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bó bá na ọwọ́ báyìí, òrùlé á ṣí, igi á fà tu, àwọn ọmọ ogun á máa yí gbirigbiri nílẹ̀. Nítorí agbára yìí ni wọ́n ṣe ń lé e láti ìlú dé ìlú. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kì í sá lọ tààrà. Ìgbà tí àwọn tó ń lé e bá sún mọ́ ọn gan-an ni yóò rí ìyá arúgbó kan tí ẹrù dà nù mọ́ lọ́wọ́. Yóò dúró, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò máa bá a ṣà á.

Ara mi á máa ta. Màá ní, "Kí ló dé tí kò máa lọ? Ta ni ìyá yẹn jẹ́ sí i?"

"Kò mọ̀ wọ́n rí, Màámi."

"Kí ló wá dúró ṣe?"

"Ó rí wọn ni."

Ìdáhùn yẹn kò tù mí lára. Ọmọ inú kátúùnù ní atẹ́gùn lọ́wọ́. Ọmọ tèmi kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, mo sì mọ irú àsìkò tí a wà. Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ti kún ẹnu gbogbo èèyàn. Bí ẹni tí wọn kò mọ̀ bá ti yà sí àdúgbò, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e.

Ó di ọjọ́ kan, a lọ kó gàrí lọ́nà Alajue, lọ́dọ̀ obìnrin tó máa ń dín in fún mi. A wọ kẹ̀kẹ́ padà, àwọn àpò há mọ́ wa lẹ́yìn àti níwájú. Oòrùn mú gan-an. Kí a tó wọ ìgboro, a bá èrò lójú ọ̀nà, wọ́n dí i pátápátá. Obìnrin kan jókòó sórí ilẹ̀ láàárín wọn, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, bàtà ti bọ́ ní ẹsẹ̀ kan. Ọmọ ọwọ́ kan ń ké lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà kan tó gbé e dání.

Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ wa yọrí síta, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Gbọ́mọgbọ́mọ ni," ọkùnrin kan tó mú igi dání dá a lóhùn. "Ọmọ ọlọ́mọ ló pọ̀n. A bi í ní orúkọ bàbá ọmọ, kò rí i sọ."

Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ èdè rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni. Ó ń gbá àyà rẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọmọ náà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ní kí wọ́n lọ wá táyà wá. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilẹ̀ yìí ló mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe nírú ibi bẹ́ẹ̀. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ yà gba ẹ̀gbẹ́ kan kó máa lọ. Kí n tó sọ ọ́ tán, ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣófo.

Ọmọ mi ti wọ àárín èrò. Ó lóṣòó ti obìnrin náà, ó fi eyín ya ọ̀rá omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí i lẹ́nu.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?" ọkùnrin onígi yẹn bi í.

"Rárá, sà. Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mumi ná, kí ẹ tó bi wọ́n ní nǹkan."

Láti ìgbà tí a ti débẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹran ni gbogbo wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ obìnrin yẹn. Ọmọ mi nìkan ló ń pè é ní wọ́n.

"Bóyá àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe é," ẹnì kan sọ.

Mo rí àwọn tó na fóònù sókè, wọ́n ń ya ojú ọmọ mi. N kò lè sọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo bá ara mi níwájú rẹ̀, ìborùn mi ti já sílẹ̀, mò ń pe orúkọ agbo ilé ọkọ mi kíkankíkan.

"Ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i. Ẹ lọ béèrè wa."

Bàbá àgbà kan tó dé fìlà funfun tẹjú mọ́ mi. "Mo mọ agbo ilé wọn," ni wọ́n wí. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

Ọmọ mi kò dìde. Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ọmọ yẹn fún ìyá rẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiwọn, a ó rí i."

Ìyá ọlọ́jà yẹn wo bàbá, bàbá sì mi orí sí i, ni ìyá ọlọ́jà bá gbé ọmọ náà fún obìnrin yẹn. Bí obìnrin náà ṣe gbà á, ọmọ náà ki orí bọ àyà rẹ̀, ó dákẹ́. Àwọn kan mí kanlẹ̀. Ọkùnrin onígi ní, "Ọmọ tébi ń pa, ọmú ẹni tó bá rí ló máa mu." Àwọn mìíràn sì ní òótọ́ ló sọ. Bàbá wá ní kí gbogbo wa máa lọ sílé baálẹ̀.

A rìn lọ, èrò yí wa ká. Ọmọ mi di obìnrin náà lọ́wọ́ mú, èmi di aṣọ ọmọ mi mú lẹ́yìn. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń ka àdúà tó bá wá sí mi lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá kàn mí lára, màá yíjú.

Nílé baálẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀kan nínú àwọn ará Bẹ́núè tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko. Òun ló gbọ́ èdè rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ dé sí oko kan lẹ́yìn ìlú. Ara ọmọ ló gbóná, ó ń gbé e lọ sí ọsibítù, ó sì ṣìnà. Ọkọ rẹ̀ sáré dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọkùnrin tó mú igi. Ìyẹn wolẹ̀, ó fi igi ti ara ògiri, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí oníkẹ̀kẹ́ gbé àwa àti gàrí wa délé, ọmọ mi gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bì. Mo bomi sí i lórí. Lẹ́yìn náà ni ìbínú mi tó wá jáde.

"Ṣé atẹ́gùn wà lọ́wọ́ tìrẹ náà ni?"

"Kò sí, Màámi."

"Kí lo wá gbójú lé?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Mi ò rò pé mo lè gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú wọn ni, Màámi. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n má dá wà níbẹ̀."

Bàbá rẹ̀ pè láti Ìlọrin, torí pé ẹnì kan ti fi fídíò náà ránṣẹ́ sí i. Ó ní kí n gbé fóònù fún ọmọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, n kò mọ ohun tó bá a sọ. Àwọn ará ilé ń wọlé, wọ́n ń jáde. Àwọn kan yìn ín. Àwọn kan ní kí n kìlọ̀ fún un kó tó kó wa sí wàhálà. Àwọn méjèèjì ni mo ń dá lóhùn pé ó dáa.

Yunifásítì ti gbà á báyìí, ìlú mìíràn ló wà. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń pè é, bí kò bá sì tètè gbé e, n kì í lè jókòó. Ó máa ń wù mí kí n sọ fún un pé bó bá rí èrò níbì kan, kó gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà á dé ètè mi, kò ní jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun pẹ́ dé kíláàsì nítorí pé òun dúró ti ẹnì kan tí òun kò mọ̀ tó ṣubú lórí ọ̀kadà. Mo lẹ fóònù mọ́ etí, mò ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán.