Bí Mo Ṣe Di Dókítà Ẹ̀dọ̀fóró ní Yábàá

Mo rántí ìgbà tí kò sí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró tó mi ní gbogbo Múṣin. Òótọ́ ni. Kò kúkú sí ẹlòmíì ní Múṣin tó ti gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Èmi alára, fọ́ọ̀mù kejì ni mo ti sá kúrò nílé ìwé. Ìṣirò ló lé mi, mi ò sì wẹ̀yìn wò.

Ọ̀gá mi, dókítà ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ló ń ṣèwádìí àìsàn yẹn ní ọsibítù kan ní Yábàá. Ó ní ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Tí ojú ọ̀nà ibẹ̀ bá há, á máa tì í tipátipá, bí ẹni tó ń ti ọmọlanke gba kọ̀rọ̀ tóóró ní Ìdó, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní in, bó bá rìn díẹ̀, mímí á di ogun. Dókítà fẹ́ mọ bí ọkàn àwọn aláìsàn ṣe ń lù lẹ́yìn ìrìn, ó sì ń wá ẹnì kan tí ara ẹ̀ le tó máa fi wé wọn. Ẹni yẹn ni mí. Gbogbo iṣẹ́ ìwádìí mi ò ju kí n rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lọ, kí n rìn ín bọ̀, kí nọ́ọ̀sì di ọrùn ọwọ́ mi mú, kó ka bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ewúrẹ́ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n nílé, mo sọ fún ìyá mi pé sáyẹ́ǹsì ò lè lọ síwájú láìsí mi.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì lọ bímọ. Dókítà bá kọ́ èmi náà bí wọ́n ṣe ń kà á, ó fún mi ní aago, pẹ́ńsùlù àti kóòtù funfun. Háà, kóòtù! Díẹ̀ ló kù kí n máa wọ̀ ọ́ sùn.

Ìyá kan wà nínú àwọn aláìsàn wa, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ ní Múṣin. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá rìn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bá a rìn, mo kí i: "Ẹ kú àárọ̀, mà." Ìyá yìí, tó lè bí mi lẹ́ẹ̀mejì, fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà wa." Orí mi wú. Fèrèsé mẹ́jọ ló wà lára ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ká tó dé ìkejì, mo tún kí i: "Ẹ kú ìrìn, mà!" Ó tún kúnlẹ̀. Ní ẹ̀kẹta: "Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?" Ó kúnlẹ̀, ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọjà ńkọ́? Baba ńkọ́? Ẹ kú ooru o!" Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Mo mọ bàbá yẹn dáadáa, ilé wa ló ń gbé nígbà yẹn. Ká tó dé òpin, ìyá ti ń mí gúlegúle. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú, mo kà á, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta tún burú jùyẹn lọ.

Dókítà wo fáìlì, ojú ẹ̀ ṣú. Ó ní bó ṣe ń burú sí i yìí, àfi kí wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín gba inú iṣan apá ìyá dé inú ọkàn ẹ̀, kí wọ́n fi wọn agbára ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan tuntun ni láyé ìgbà yẹn. Èèyàn lè má dìde lórí tábìlì. Ìyá lọ sílé, ó pín aṣọ ọjà ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Nígbà tí mo gbọ́, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá fi ìkíni mẹ́fà kún un.

Ibi tí mo ti ń bèèrè àwọn ọmọ-ọmọ ni mo ti gbọ́ ohùn dókítà lẹ́yìn mi.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń kí wọn ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti kúnlẹ̀?"

Mo fi ìka kà á. "Mẹ́tàlá, sà."

Kò bá mi jà. Ó bọ́ kóòtù lọ́rùn mi, ó ní kí ìyá jókòó sinmi dáadáa, lẹ́yìn náà òun fúnra ẹ̀ bá a rìn, láìsọ̀rọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n dé òpin, ìyá ń mí o, ṣùgbọ́n kò mí gúlegúle, iye tí dókítà kà sì sún mọ́ ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣì ń kà á. Ó fa igi lé gbogbo nǹkan tí mo kọ. Ó ní oògùn á tó ìyá, kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀pá rọ́bà mọ́. Ìyá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi? Wọ́n dá mi padà sípò ewúrẹ́.

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ẹrù àwọn arìnrìn-àjò ni mò ń gbé ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìdó. Nígbà mìíì tí ẹrù bá wúwo, tí àyà mi ń lù kì-kì-kì, mo máa ń rò ó pé ọ̀wọ̀ tí kò tọ́ sí mi ló fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ìyá ọlọ́mọ. Lóṣù tó kọjá, ìyá yẹn náà ló yọ sí mi lójijì, ara ẹ̀ le, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ra àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín èrò.

"Ẹ forí jì mí, mà. Gbogbo ìkúnlẹ̀ tí ẹ kúnlẹ̀ fún mi yẹn…"

"Fún ta ni?" Ó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nínú báàgì, kò tiẹ̀ wojú mi. "Kóòtù ni mo kúnlẹ̀ fún."